Bí A Ṣe Lè Bu Ọlá fún Ẹni Tó Tú Àdììtú Geocaching Láì Tíì Fojú Kan Àpótí

Bí àgbà bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lálẹ́ ní Èkìtì, tó ké "Ààlọ́ o", tí àwọn ọmọdé dáhùn "Ààlọ̀", tó wá béèrè pé kí ni awẹ́ obì kan à-jẹ-dọ́yọ̀ọ́, ọmọ tó bá dáhùn pé ahọ́n ni ti gba ìyìn tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò sí ẹni tó máa ní kó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rìn dé Ọ̀yọ́ kí a tó gbà pé ó mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo máa ń rántí nìyẹn nígbàkígbà tí mo bá rí àwọn tó ń ṣe geocaching, eré wíwá àpótí tí a fi pamọ́, tí wọ́n ń kó gbogbo ẹ̀yẹ fún ẹni tó fọwọ́ kan àpótí, tí ẹni tó fi odidi ọ̀sẹ̀ méjì jókòó ti àdììtú kan títí tó fi tú u kò sì rí ẹni kí i pé ó kúuṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń pa àpótí mọ́ ní agbègbè wa, tàbí tí ẹ ń gbèrò láti ṣe bẹ́ẹ̀, ni mo kọ àlàyé yìí fún, kí ẹ lè mọ bí a ṣe ń dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ̀, kí a sì fún un ní ẹ̀yẹ tó tọ́ sí i láì da ètò eré náà rú.

Fún ẹni tí eré náà ṣì ṣàjèjì sí, bó ṣe ń lọ ni pé ẹnì kan á pa àpótí kékeré mọ́ síbìkan, á fi ìwé pélébé àti pẹ́ńsù sínú rẹ̀, á sì gbé nọ́ńbà tó ń tọ́ka sí ibẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ẹlòmíràn á fi GPS inú fóònù wọn, ohun tó ń fi sátẹ́láìtì mọ ibi tí ènìyàn wà, wá a lọ, wọ́n á kọ orúkọ wọn sínú ìwé náà, wọ́n á sì dá àpótí padà sí àyè rẹ̀. Oríṣi kan wà nínú rẹ̀ tí a ń fi àmì ìbéèrè hàn lórí máàpù. Nọ́ńbà tí ẹ bá rí lójú ewé irú èyí kì í ṣe ti ibi tí àpótí wà. Àdììtú ni ẹ óò kọ́kọ́ tú kí nọ́ńbà tòótọ́ tó jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlànà eré náà kò fẹ́ kí àpótí jìnnà ju nǹkan bíi kìlómítà 3.2 lọ sí ibi tí a kọ síta.

Ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ni pé kí ẹ má ṣe pa iṣẹ́ méjèèjì, títú àdììtú àti wíwá àpótí, pọ̀ mọ́ ara wọn. Ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún ọdún 2000 ni ìjọba Amẹ́ríkà dáwọ́ dúró nínú mímọ̀ọ́mọ̀ ba àmì GPS jẹ́ mọ́ ará ìlú lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀ gan-an ni Dave Ulmer gbé korobá kan pamọ́ sínú igbó nítòsí Beavercreek ní ìpínlẹ̀ Oregon, ìwé àti pẹ́ńsù sì wà nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn wá ni ìwé inú àpótí ti jẹ́ ẹ̀rí, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú rẹ̀ ni a gbà pé ó rí i. Nítorí náà, "Found it" (ìyẹn, mo rí i) tí a ń kọ sórí Geocaching.com, ojúlé eré náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe ti ẹni tó tú àdììtú nìkan, bó ti wù kí làákàyè rẹ̀ pọ̀ tó. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ agídí. Ẹni tó bá rí i pé wọ́n kọ "Found it" lánàá yóò gbà pé àpótí ṣì wà níbẹ̀, ó sì lè ti Adó wọkọ̀ lọ sí Ìpólé-Ìlórò nítorí rẹ̀, kó má bá nǹkan kan.

Èmi náà di ìlànà yẹn mú nígbà kan rí débi tí mo fi ṣẹ ẹlòmíràn. Ní Ìkẹ́rẹ́, lórí ilẹ̀ tí onílẹ̀ yọ̀ǹda fún mi, níbi tí a ti ń wo òkè Ọlọ́sùnta lọ́ọ̀ọ́kán, ni mo pa àpótí kan mọ́ sí. N kò gbé e sórí òkè náà fúnra rẹ̀, nítorí pé ibi ọ̀wọ̀ ni. Gbólóhùn mẹ́fà ni mo fi ẹ̀ka èdè Èkìtì kọ sójú ewé rẹ̀, ìtàn ọjọ́ kan lóko ni. Ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tó fi "i" bẹ̀rẹ̀ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò ló ń fi "u" bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu wa: ilé di ulé, iṣu di uṣu, igi di ugi. Iye irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tó wà nínú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ló ń fúnni ní nọ́ńbà kan, mẹ́ta àkọ́kọ́ fún ìparí nọ́ńbà ìhà àríwá, mẹ́ta ìyókù fún ìparí ti ìhà ìlà-oòrùn. Obìnrin kan tó ń gbé ní Kánádà, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìkẹ́rẹ́, tú u, ó sì kọ "Found it". Mo pa á rẹ́ láì bá a sọ gbólóhùn kan. Ìgbà tó kọ̀wé sí mi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé alẹ́ mẹ́ta ni òun àti ìyá rẹ̀ fi wà lórí fóònù, tí ìyá ń ka gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sókè bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé, tí ọmọ sì ń fi ìka ka àwọn ọ̀rọ̀ náà. Lóòótọ́ ni kò rí àpótí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí kan ṣoṣo tó wà pé ó ṣe iṣẹ́ náà ni mo pa rẹ́, n kò sì fi ohunkóhun rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀ràn yìí ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwọn ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ọ̀nà wà láti mọ ẹni tó tú u lóòótọ́. Ohun èlò tí a fi ń yẹ ìdáhùn wò ló wà fún èyí. Èyí tó wà lórí Geocaching.com fúnra rẹ̀ yóò sọ fún ẹni náà bóyá nọ́ńbà rẹ̀ bá a mu, ó sì dára fún ẹni tó kàn fẹ́ ìdánilójú kó tó gbéra. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ mọ orúkọ, Certitude, ojúlé mìíràn tí a fi ń yẹ ìdáhùn wò, ló wù mí jù, nítorí pé ó ń jẹ́ kí ẹni tó bá gbà á fi orúkọ tó ń jẹ́ nínú eré sílẹ̀, ó sì ń tò wọ́n. Ó tún lè gba ọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn dípò nọ́ńbà, èyí tó wúlò bí ìdáhùn àdììtú yín bá jẹ́ orúkọ ìlú tàbí orúkọ ewé.

Ibì kan wà tí ohun èlò kò ti lè ṣe ìdájọ́ fún yín. Bí ẹnì kan bá ṣi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kà nínú gbólóhùn kẹta mi, nọ́ńbà tó kẹ́yìn ti ìhà àríwá ló fi ẹyọ kan yàtọ̀, ìyẹn kò sì ju nǹkan bíi mítà 1.85 lọ nílẹ̀. Bó bá jẹ́ gbólóhùn àkọ́kọ́ ló ti ṣì í kà, nǹkan bíi mítà 185 ló fi jìn sí àpótí. GPS inú fóònù pàápàá máa ń fi mítà mélòó kan ṣìnà. Èrò tèmi ni pé ẹni tí àṣìṣe rẹ̀ kò ju ti GPS lọ ti tú u, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún un níkọ̀kọ̀ pé kó tún gbólóhùn kẹta kà. Ẹni tó jìn ní mítà 185, ẹ kàn sọ fún un pé ó kù díẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pè wọ́n láti wá sọ̀rọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń rò pé àyè kò sí fún àwọn lójú ewé náà àfi ìgbà tí wọ́n bá rí àpótí. "Write note", níbi tí a ti ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láì sọ pé a rí àpótí, ni àyè wọn. Ohun tí mo kọ sí ìsàlẹ̀ àdììtú tèmi nìyí: "Ẹ̀yin tí ẹ ti tú u ṣùgbọ́n tí ọ̀nà jìn sí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ Write note. Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ tú u àti ohun tó dùn mọ́ yín nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ ọ̀nà tí ẹ gbà. Orúkọ yín yóò wọ ìwé àwọn Atúdìí." Ẹ tẹnu mọ́ apá tó kẹ́yìn yẹn dáadáa. Ẹnì kan kọ ọ́ pẹ̀lú inú rere pé òun dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá àgbà tó kọ́ òun ní èdè ìlú, lójú ẹsẹ̀ ni gbogbo ẹni tó kà á sì ti mọ̀ pé inú ẹ̀ka èdè ni kọ́kọ́rọ́ wà. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹ kọ̀wé sí onítọ̀hún níkọ̀kọ̀, ẹ kọ́kọ́ kí i kú iṣẹ́, kí ẹ tó bẹ̀ ẹ́ pé kó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ.

Àwọn kan wà tí wọn kò tú nǹkan kan, tó jẹ́ pé ọ̀rẹ́ ló fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí wọn. Ìdáhùn tó tọ̀nà nìkan kò lè fi wọ́n hàn yàtọ̀ sí àwọn tó ṣiṣẹ́. Ìbéèrè kan péré ni mo máa ń bi ẹni tó bá fi orúkọ sílẹ̀: gbólóhùn wo ló yọ yín lẹ́nu jù? Ẹni tó ṣe é yóò ní ohun tó pọ̀ láti sọ, yóò rántí ibi tó ti ka ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì bínú sí gbólóhùn karùn-ún. Ẹni tí wọ́n fún ní nọ́ńbà á kàn sọ pé gbogbo rẹ̀ ló le. Ẹ má ṣe bá ẹnikẹ́ni ṣe ẹjọ́ lórí èyí, ẹ má sì kọ ọ̀rọ̀ ìfura sí gbangba. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láìkọ. Ti àwọn tó jọ tú u yàtọ̀, gbogbo wọn ló yẹ kí ẹ kọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ obìnrin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, mo kọ "pẹ̀lú ìyá rẹ̀", bó tilẹ̀ jẹ́ pé màmá náà kò ṣe geocaching rí.

Ní ti ìwé àwọn Atúdìí fúnra rẹ̀, ojú ewé àdììtú ni kó wà, kì í ṣe inú kọ̀ǹpútà yín níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí i. Orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ nínú eré àti ọjọ́ tí wọ́n tú u ti tó. Ẹ má ṣe kọ orúkọ àbísọ, ìlú tí wọ́n ń gbé tàbí ìgbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé, nítorí pé ẹni tó bá mọ ọjọ́ tí ènìyàn ń bọ̀ mọ ọjọ́ tí ilé rẹ̀ yóò ṣófo pẹ̀lú. Ẹ tò wọ́n bí wọ́n ṣe tú u tẹ̀ lé ara wọn. Inú àwọn tó ń ṣe eré yìí máa ń dùn gidigidi bí wọ́n bá jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó rí àpótí; kò sí ìdí tí ẹni àkọ́kọ́ tó tú àdììtú kò fi ní gba irú ìdùnnú bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ kọ tirẹ̀ sókè ní ìlà ọ̀tọ̀. Bí oṣù Kejìlá bá dé, tí àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó àti lókè òkun wálé, tí ẹnì kan nínú àwọn Atúdìí sì wá rí àpótí níkẹyìn, ẹ má ṣe yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ẹ kọ "ó ti dé ibẹ̀" sí i lára, kí iṣẹ́ méjèèjì lè hàn.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọ̀lẹ ni ẹni tó tú àdììtú tí kò lọ wá àpótí, ẹ fi ìwọ̀n méjì tí eré náà ń lò hàn án. Ìkan ń sọ bí títú àti wíwá ṣe le tó, láti 1 dé 5; ìkejì ń sọ bí ìrìn dé ibẹ̀ ṣe le tó, láti 1 dé 5 bákan náà. Ètò eré náà fúnra rẹ̀ ló ya ọgbọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára ẹsẹ̀. Ilẹ̀ olókè ni ilẹ̀ wa. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí eékún kò jẹ́ kó gun òkè mọ́, lè jókòó sílé rẹ̀ ní Adó kó tú àdììtú tó wà ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, kò sì yẹ kí a gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ẹnì kan bá sì kọ "Found it" láì kọ orúkọ sínú ìwé, ẹ má ṣe bí mo ti ṣe. Ẹ kọ̀wé sí i, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan, kó fúnra rẹ̀ sọ ọ́ di "Write note". Ẹ sọ fún un nínú ìwé kan náà pé orúkọ rẹ̀ ti wà lára àwọn Atúdìí. Láti ìgbà tí mo ti ń fi gbólóhùn kejì yìí kún un, kò tíì sí ẹni tó bá mi jà.

Iná ọyẹ́ jó igbó tí àpótí mi wà ní oṣù Kìíní kan. Ìgbà tí mo fi débẹ̀, ike ti yọ́ mọ́ òkúta, ìwé inú rẹ̀ sì ti di eérú. Ìwé àwọn Atúdìí nìkan ló kù lódindi. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín, tí ẹ sì fẹ́ pa ojú ewé náà dé, ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ kẹ́yìn tí ẹ óò fi kí gbogbo àwọn Atúdìí tí kò tíì débẹ̀ lórúkọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi àwòrán ibi tí àpótí wà ránṣẹ́ sí ẹni tó bá fẹ́ rí i nínú wọn. Obìnrin tó wà ní Kánádà ló kọ́kọ́ béèrè tèmi. Ó ní ìyá òun fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà oko tí òun ń rò ni.