Bí mo ṣe yan irú tòmátì tí mo gbìn síta gbangba

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbin tòmátì síta, ojú lásán ni mo fi yan irúgbìn. Àwòrán tòmátì ńlá kan ló wà lára àpò náà, ó pupa fòò, ọ̀kan ṣoṣo kún àtẹ́lẹwọ́. N kò ka ohun mìíràn lára àpò yẹn. Igi 24 ni mo gbìn. 9 péré ló so, àwọn tó so náà kò sì so dáadáa.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ewé igi kan rọ. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó tún nà. Mo ní òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, mo bu omi sí i. Lọ́jọ́ kejì ó tún rọ, ó tún dìde. Lọ́jọ́ kẹta kò dìde mọ́, bẹ́ẹ̀ ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, kò pọ́n, kò gbẹ. Èyí ló yà mí lẹ́nu jù. Mo gé igi náà nítòsí ilẹ̀, mo ki ojú ibi tí mo gé bọ inú ife omi tó mọ́ gaara, mo sì jókòó tì í. Kò pẹ́ tí nǹkan funfun kan, tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ, fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ láti ojú ibẹ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀, omi náà dà bíi pé ẹnì kan kán mílíìkì sí i. Bakitéríà tó ń jẹ́ Ralstonia solanacearum ni. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, ara gbòǹgbò ló ń gbà wọlé, á wá dí ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè nínú igi. Igi tó bá ti mú, kò sí oògùn tí ẹ máa fọ́n sí i tó máa wò ó sàn. Mo hú gbogbo àwọn tó kú, mo kó wọn jìnnà sí oko. Ó dùn mí gan-an.

Nígbà tí mo fẹ́ tún un gbìn, kí n tó wo irúgbìn kankan, ilẹ̀ mi ni mo kọ́kọ́ lọ wò. Ebè tí igi ti kú yẹn, mo pinnu pé tòmátì kò ní débẹ̀ mọ́ fún ìgbà pípẹ́, ata kò ní débẹ̀, ìgbá kò ní débẹ̀, nítorí ìdílé kan náà ni gbogbo wọn, àrùn kan náà ló sì ń mú wọn. Àgbàdo ni mo gbìn síbẹ̀. Apá òkè, níbi tí omi kì í dúró sí, ni mo kọ ebè tuntun sí.

Lẹ́yìn náà ni mo wá jókòó ti àwọn àpò irúgbìn, tí mo sì ń ka lẹ́tà kéékèèké tó wà níwájú orúkọ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ojú fo lẹ́tà wọ̀nyẹn. V àti F dúró fún Verticillium àti Fusarium, ìyẹn ebu méjì tó ń gbé inú ilẹ̀ tó ń mú kí igi rọ. N dúró fún aràn tín-ín-rín tó ń mú kí gbòǹgbò ta kókó. T jẹ́ ti fáírọ́ọ̀sì tó ń ba ewé jẹ́. Tí ẹ bá rí FF, ẹ̀yà Fusarium méjì ni irúgbìn náà lè dojú kọ. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́: Marglobe, irú tòmátì kan tí ẹ̀ka ètò ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 1925, wà lára àwọn tí wọ́n bí nítorí Fusarium. Ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú lẹ́tà mẹ́rin yìí tó kan bakitéríà tó pa tòmátì mi. Ti òun dá dúró, BW tàbí Rs ni wọ́n máa ń kọ fún un. Ohun tó mú mi ṣí kúrò lórí ebè àtijọ́ nìyẹn, dípò kí n gbẹ́kẹ̀ lé irúgbìn nìkan.

Ìta gbangba yàtọ̀ sí abẹ́ òrùlé. Òjò tó bá ń rọ̀ sórí ewé lemọ́lemọ́ ló ń pe àrùn Phytophthora infestans wá, pàápàá tí ojú ọjọ́ bá tutù, kò sì níí ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí gbogbo ebè á fi dúdú. Alternaria náà ń bẹ: ìsàlẹ̀ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á fi àmì róbótó sára ewé, òrùka nínú òrùka, bí ẹni wo ojú ìtì igi tí wọ́n gé. Nítorí àwọn méjèèjì ni mo ṣe mú Mountain Magic, F1 kan (ìyẹn ìran kìíní tí wọ́n fi irú tòmátì méjì bí) tí èso rẹ̀ kò tóbi, tó ń fara da àrùn méjèèjì, tí kì í sì í tètè sán.

Ooru ni mo rò mọ́ ọn. Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi gbé ohun tí a fi ń wọn ìgbóná síta. Ó ń lọ sí 24°C. Tí alẹ́ bá gbóná tó bẹ́ẹ̀, òdòdó tòmátì máa ń já bọ́ láìso, àwọn tó ń so èso ńlá ló sì máa ń jẹ ìyà rẹ̀ jù. Mo wá rántí òdòdó tó kún ìdí igi mi nígbà àkọ́kọ́. Mo fi Heatmaster kún un, torí ilẹ̀ tó gbóná ni wọ́n torí rẹ̀ bí i.

Ìyókù rọrùn. Roma VF kì í ga púpọ̀, á dúró, èso rẹ̀ á pọ́n sún mọ́ra wọn; mo gbin 10. Mountain Magic 6, Heatmaster 4. Sungold 4, nítorí adùn rẹ̀ nìkan. Sungold àti Mountain Magic kì í yéé ga, nítorí náà mo ri ọ̀pá tó ga tó mítà méjì mọ́ ìdí wọn lọ́jọ́ tí mo gbìn wọ́n. Ẹ fi sọ́kàn pé ọjọ́ 75 tí wọ́n kọ sára àpò, láti ọjọ́ tí ẹ bá hú u láti inú abọ́ lọ sórí ebè ni wọ́n ti ń kà á. Ẹ fi nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó lò nínú abọ́ kún un.

Roma ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí: ìdí èso bíi mélòó kan dúdú, ó sì rì wọlé. Àìrí omi déédéé ló fà á, kálísíọ̀mù kì í dé ìdí èso tí omi bá ń dé lónìí tí kò dé lọ́la, àwọn tó gùn bíi Roma ló sì máa ń ṣe jù. Mo fi koríko gbígbẹ bo ìdí wọn, mo ń bomi rin ín ní àárọ̀ ọjọ́ méjì-méjì, àwọn tó so lẹ́yìn náà kò ní i mọ́.

Sungold ń kọ́? Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí òjò kò rọ̀, òjò ńlá kan rọ̀ lóru. Àárọ̀ tí mo débẹ̀, ọ̀pọ̀ ti sán láti ìdí ọrùn wọn, omi ń ṣẹ́ jáde, èèrà ti dé. Mountain Magic tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò sán rárá. Láti ọjọ́ yẹn, tí òjò bá ṣú, mo ti máa ń já Sungold tó bá ti ń yí àwọ̀, inú ilé ló ń parí pípọ́n rẹ̀. N ò ní torí èyí fi í sílẹ̀, ẹni tó bá ti tọ́ ọ wò á gbà fún mi.

Nínú igi 24, ọ̀kan péré ló kú, ẹ̀fúùfù ló ṣẹ́ ẹ.

F1 ni àwọn mẹ́ta yòókù, F1 kì í sì í bí irú ara rẹ̀, nítorí náà Roma nìkan ni mo gba irúgbìn lára rẹ̀. Mo fún inú èso tó pọ́n jù sínú ife, mo fi sílẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta títí ohun tó ń yọ̀ lára hóró fi bọ́, mo ṣàn án, mo sá a sórí àwo ní ibòji. Ó wà nínú àpò ìwé báyìí, mo kọ orúkọ àti ọdún sí i lára, mo sì kọ ọ̀rọ̀ kan sí ìsàlẹ̀: ebè apá òkè.