Bí ẹ ó ṣe fi Sidi àti Lakunle wé àwa ti òde òní

Ẹ má fi “láyé àtijọ́, obìnrin ò lẹ́nu ọ̀rọ̀” bẹ̀rẹ̀ àròkọ yín. Èmi tíṣà lítíréṣọ̀ yín, ibi tí mo bá ti rí i ni mo ti ń fa bírò pupa lé e. Ṣé Sidi, ọmọge inú eré tí à ń kà, ni kò lẹ́nu ọ̀rọ̀?

Ẹ mú ìran kan ṣoṣo nínú The Lion and the Jewel, eré Wole Soyinka tí wọ́n ṣe n'Íbàdàn lọ́dún 1959. Àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́ ni wọ́n pín eré náà sí. Ti àárọ̀ ni mo fẹ́ràn: Lakunle, tíṣà abúlé tó fẹ́ fi Sidi ṣaya, já garawa omi gbà lọ́wọ́ Sidi, ó ní kó yé fi orí ru ẹrù. Ọ̀làjú! Ẹ̀ẹ̀kan náà ló tún ní ọpọlọ obìnrin kéré sí tọkùnrin. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, owó orí. Lakunle ò fẹ́ san án. Sidi ló fàáké kọ́rí, kí aráyé má baà ní òun kì í ṣe wúńdíá. Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdána tí ẹ fojú ara yín rí. Èyí tí mo lọ kẹ́yìn, ẹbí ìyàwó dá owó orí padà, wọ́n ní àwọn ò ta ọmọ. Àmọ́ ta ló pọnmi tí wọ́n fi se jọ́lọ́ọ̀fù ọjọ́ náà? Ẹ kọ ìyẹn náà.

Ti Baroka, baálẹ̀ abúlé tí òun náà ń wá Sidi, ẹ kà á dé alẹ́ kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́.