Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ bí alágbàtà tí ẹ kò pè bá wá ra ilé yín

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹlòmíì tún gbé ìwé wá bá mi. Ó ti fọwọ́ sí i tán kó tó rántí pé ó yẹ kí òun béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ó ti sú mi láti máa sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

N kò sọ pé olè ni gbogbo alágbàtà tó ń wálé kiri. Lẹ́tà abẹ́ ilẹ̀kùn, ìpè òjijì, "owó wà nílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n rà á": iṣẹ́ òòjọ́ wọn nìyẹn. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé onílé á gbà pé ẹni tó kan ilẹ̀kùn ni olówó. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní owó ilé lọ́wọ́ rárá. Ìfọwọ́sí yín ni wọ́n wá gbà, àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí yẹn ni wọ́n máa lọ tà fún ẹni tó lówó.

Àṣìṣe kìíní ni kéèyàn má béèrè ẹni tó máa sanwó. Ẹ bi í ní tààrà: "Ṣé ìwọ lo máa rà á, àbí ò ń bá ẹlòmíì wá a? Ta ló máa san owó iṣẹ́ rẹ?" Bó bá jẹ́ òun, kó mú ìwé báńkì wá, èyí tí kò tíì pẹ́. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọ̀rọ̀ po, ó ti dá yín lóhùn.

Èkejì, gbígba iye tó kọ́kọ́ pè. Ìṣirò tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ra ilé tún ṣe láti tà ń lò rèé: wọ́n á wo iye tí ilé máa tó lẹ́yìn àtúnṣe, wọ́n á mú ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n á yọ owó àtúnṣe kúrò. Bí ilé bá máa tó 100, tí àtúnṣe jẹ́ 20, ó ku 50. Alágbàtà á yọ tirẹ̀, ká ní 5, á wá pe 45 fún yín. Ìṣirò èrè wọn nìyẹn, kì í ṣe iye ilé yín. Ẹ wá adíyelé tí kò mọ̀ wọ́n rí, kẹ́ ẹ sì wádìí iye tí wọ́n ta ilé tó jọ ọ́ gan-an, kì í ṣe iye tí wọ́n ń pè.

Ẹ̀kẹta: ẹ má sọ ìdí tí ẹ fi ń tà á fún un.

Èyí tó wá dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ ìwé, torí ilé tí ìyá mi fi sílẹ̀ ni mo fi kọ́ ọ. Ojú ìwé mẹ́rin ni alágbàtà náà gbé ka orí tábìlì, ó ti ṣí i sí ojú kẹrin níbi tí màá ti fọwọ́ sí. N kò ṣí i padà sẹ́yìn. Ojú kejì ló wà: ẹni tó ń rà á ni "òun tàbí ẹnikẹ́ni tí ó bá yàn", ó ní ọjọ́ 90, ó sì lè jáwọ́ nígbàkígbà tí àyẹ̀wò ilé kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Èmi kò lè jáwọ́. Owó àsansílẹ̀ tó fún mi kò tó owó tí mo fi pààrọ̀ àgádágodo lẹ́yìn náà.

Ni àwọn tí n kò mọ̀ rí, tí alágbàtà fẹ́ ta àdéhùn náà fún, bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Wọ́n ń fi ìka kan ògiri, wọ́n ń ṣí ẹ̀rọ omi wò. Lọ́jọ́ kan wọn kò tì í, omi ṣàn dé yàrá ìyá mi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹni tó ní owó lọ́wọ́ dé, iye tó pè dára. Lọ́yà rẹ̀ wádìí, ó rí i pé alágbàtà ti fi àdéhùn wa sínú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ ti ìjọba, tí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ rà á á ti rí i. Olówó náà bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó di ọjọ́ 86, alágbàtà pè mí pé òrùlé ti gbó, kí n bọ́ owó wálẹ̀. Ìwé tí mo fọwọ́ sí ló fún un láyè. Mo kọ̀, ó jáwọ́, oṣù méjì sí i ni mo fi lé e kiri kó tó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò.

Nítorí náà, kí lọ́yà tiyín, tí kì í ṣe èyí tí alágbàtà júwe, kà á láti ojú kìíní. Kó yọ "ẹni tí ó bá yàn" kúrò, tàbí kó kọ ọ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó gbé e fún ẹlòmíì. Kí àyẹ̀wò má kọjá ọjọ́ 10. Kí owó àsansílẹ̀ tó nǹkan, kó wà lọ́dọ̀ lọ́yà, kó di tiyín bó bá jáwọ́ lẹ́yìn àyẹ̀wò. Kí àdéhùn náà parí fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ dá. Alágbàtà tó mọṣẹ́ á gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Mo ti bá irú wọn ṣe, ilé sì tà wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ẹ má kó ojúlówó ìwé ilé fún un o. Bí ẹ bá jọ ni ín pẹ̀lú ọkọ, aya tàbí ọmọ ìyá yín, ẹ má fọwọ́ sí i lẹ́yìn wọn. Bí ẹ bá sì ti fún èjẹ́ńtì kan ṣoṣo láṣẹ láti bá yín ta ilé náà, ẹ ka ìwé tirẹ̀ ná. Ẹ lè jẹ ẹ́ lówó iṣẹ́ lórí ẹni tí òun kọ́ ló mú wá.

Ẹni tó bá ní àfi lónìí, kó fi ìwé sílẹ̀, kó padà wá lọ́jọ́ mẹ́ta òní.

Ọjọ́ 120 ló wà nínú ìwé ẹni tó wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. A ti gbé e lọ bá lọ́yà. Ojú kejì ni mo ní kó kọ́kọ́ ṣí.