Bí a ṣe lè mọ̀ bóyá owó ìlera dínkù lọ́dún tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀

Ìjọba kì í sábà kéde pé òun gé owó ìlera. Iye tí wọ́n ń kà sí wa létí tilẹ̀ lè máa lé sí i, kí wọ́n sì ní kí aláboyún Ìsàlẹ̀ Èkó lọ ra ìbọ̀wọ́ tí nọ́ọ̀sì yóò fi gbẹ̀bí rẹ̀ níta. Ẹgbẹ́ àdúgbò tó bá fẹ́ mọ òótọ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wá ètò ìṣúná ọdún tó kọjá àti ti ọdún yìí, kí ẹ wo ìdá tí ìlera kó nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ṣèlérí ní Àbújá lọ́dún 2001.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi owó náà wé ọjà, nítorí ibẹ̀ ni àdínkù máa ń sá pamọ́ sí. Ká ní ilé ìwòsàn kan gba mílíọ̀nù 100 náírà lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n sọ ọ́ di 120, tí ọjà sì fi ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún gbówó lórí, (ó tilẹ̀ lé díẹ̀ sí i ní òpin ọdún 2024): mílíọ̀nù 134 ni yóò ra ohun tí 100 rà tẹ́lẹ̀, nítorí náà mílíọ̀nù 14 ti di àwátì. Ti oògùn tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé dọ́là ni a fi ń ra ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, dọ́là tí kò sì tó 500 náírà ní iye tí ìjọba fi ń ṣẹ́ ẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ti kọjá 1,500 kí 2024 tó parí.

Ẹ tún wo orísun owó. Owó orí tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù ni òpómúléró owó tí ìpínlẹ̀ Èkó ń pa wọlé. Bí èrè àwọn onílé-iṣẹ́ bá lọ sílẹ̀ tí wọ́n ń lé òṣìṣẹ́, owó orí yóò dínkù, ẹni tí wọ́n lé yóò pàdánù adójútòfò ìlera rẹ̀, ilé ìwòsàn ìjọba ni yóò sì forí lé. Èrò ń pọ̀ gan-an lásìkò tí owó ń tán, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé kò tọ́ kí ìlera gbogbogbòò máa dúró de èrè ọjà.

Ní ìparí, ẹ béèrè iye tí wọ́n san ní ti gidi, nítorí ohun tí wọ́n kọ sínú ètò ìṣúná kò tíì di owó. Òfin Òmìnira Ìròyìn ọdún 2011 fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti béèrè láìsọ ìdí, ọjọ́ 7 ni wọ́n sì ní láti fi fèsì. Ẹ kọ lẹ́tà náà ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbà á sórí èyí tó máa wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì mú èsì náà tọ aṣòfin àdúgbò yín lọ kí wọ́n tó fọwọ́ sí ètò ìṣúná ọdún tó ń bọ̀.