Àwọn Àṣìṣe Tí Adarí Eré Máa Ń Ṣe Bí Ó Bá Ń Pààrọ̀ Òfin Ọgbẹ́ àti Ìpalára

Ní Sùúrùlérè, níbi tí àwa mẹ́fà ti máa ń pàdé ní ọ̀sán Sátidé láti ṣe D&D (Dungeons & Dragons, eré tí olúkúlùkù ti ń ṣe akọni kan nínú ìtàn tí adarí ń sọ, tí dáìsì sì ń pinnu bí nǹkan yóò ṣe rí), àròyé kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn tí a jọ ń ṣeré: akọni tí wọ́n fi idà ṣá nígbà mẹ́jọ ṣì ń jà bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe, ó sùn mọ́jú, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, ara rẹ̀ ti dá ṣáṣá. Àròyé náà kò burú. Ohun tí ó ń burú ni oògùn tí àwa adarí eré ń lò sí i, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ń mú òfin tuntun láti inú eré mìíràn láì kọ́kọ́ bi ara wa léèrè iṣẹ́ tí òfin àtijọ́ ń bá wa ṣe.

Iṣẹ́ wo ni òǹkà ẹ̀mí, ìyẹn iye tí ìkọlù ń dín kù títí akọni yóò fi ṣubú, tí gbogbo wa mọ̀ sí hit point, ń ṣe? Nígbà tí Dave Arneson ń dán irú eré yìí wò ní Amẹ́ríkà, kí òun àti Gary Gygax tó gbé D&D jáde ní 1974, òfin eré ogun tí ó kọ́kọ́ lò fàyè gba kí ìkọlù kan ṣoṣo pa akọni. Àwọn tí wọ́n ń bá a ṣeré kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé wọ́n ti fẹ́ràn akọni wọn. Arneson wá yá ọgbọ́n òǹkà náà láti inú òfin eré ogun ojú omi, níbi tí ọkọ̀ ogun ti máa ń gba ọta àgbá púpọ̀ kí ó tó rì. Nítorí náà, kì í ṣe ẹran ara àti eegun nìkan ni òǹkà yìí ń wọ̀n. Àyè ni ó ń fún ènìyàn, kí ó lè rí i pé ìjà ti ń le, kí ó sì pinnu bóyá yóò dúró tàbí yóò sá. Àṣìṣe tí ó bí gbogbo àwọn yòókù ni kí adarí gba àyè yìí lọ́wọ́ àwọn olùkópa láì fi ohunkóhun rọ́pò rẹ̀.

Orí àtẹ ọgbẹ́ ni mo ti rí ọṣẹ́ jù, ibẹ̀ ni n ó sì ti pẹ́ díẹ̀. Nínú ìwé adarí eré D&D tí ó jáde ní 2014, àtẹ kan wà fún ọgbẹ́ tí kì í lọ bọ̀rọ̀. Ẹ ó ju dáìsì olójú ogún: bí ó bá já sí 1, akọni pàdánù ojú kan, bí ó bá jẹ́ 2, ó pàdánù apá tàbí ọwọ́, bí ó bá jẹ́ 3, ó pàdánù ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ń rọlẹ̀ títí dé 17 sí 20, tí ó jẹ́ àpá kékeré lásán. Ọ̀kan nínú àwọn ìgbà tí ìwé náà dábàá pé kí a lò ó ni ìgbà tí dáìsì ọ̀tá bá já sí 20 nínú ìkọlù. Adarí yóò ní kò sí ìrẹ́jẹ níbẹ̀, nítorí pé òfin kan náà ni ó de ọ̀tá àti akọni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ̀gbẹ́rẹ́ tí ó gbé ẹní rẹ̀ jáde láti inú igbó lónìí kò ní rí Sátidé tí ń bọ̀, nítorí náà bí ẹ bá gé e lápá, kí ni ó kàn án? Akọni ni yóò padà wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òun sì ni gbogbo ọgbẹ́ yóò máa kó jọ sí lára.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Kí a sọ pé àwọn ọ̀tá kọlu akọni kan nígbà ogún ní ìjókòó kan. Nínú ogún ìjù dáìsì, ẹ̀ẹ̀kan ni a lè retí 20. Nínú ogún ojú tí àtẹ náà ní, mẹ́ta ni ó ń mú ẹ̀yà ara lọ. Bí ẹ bá ṣe irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ méje, ẹ̀ẹ̀meje ni akọni náà yóò dé orí àtẹ, èyí tí ó túmọ̀ sí pé nǹkan bí ẹ̀yà ara kan ni olúkúlùkù akọni yóò ti pàdánù kí oṣù méjì tó pé.

Ó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀gbọ́n kan tí ó máa ń ti Ìkòròdú wá ní akọni ọdẹ tí ó ń fi ọfà jà, ojú kan ọdẹ yìí sì fọ́ ní ìjókòó kẹta. Òfin ní kí ẹni tí ojú rẹ̀ kan fọ́ máa ju dáìsì méjì nígbàkígbà tí ó bá ta ọfà, kí a sì gba èyí tí ó kéré. Ká ní oníṣẹ́ ọfọ̀ ni, ọ̀pọ̀ nínú ọfọ̀ rẹ̀ kò ní mọ̀ pé ojú kankan fọ́, ṣùgbọ́n ojú ni iṣẹ́ ọdẹ. Regenerate, tí í ṣe ọfọ̀ tí ó lè dá ojú náà padà, kì í tẹ àlùfáà lọ́wọ́ títí yóò fi dé ipele kẹtàlá, ipele kẹta ni àwa sì wà. Ẹ̀gbọ́n náà kò bínú. Ńṣe ni ó ń dákẹ́ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èmi ni mo ń darí, mo sì mọ̀ pé èmi ni mo jẹ̀bi rẹ̀. Láti ìgbà náà, mi ò jẹ́ kí àtẹ já lu ẹnikẹ́ni mọ́. Bí akọni bá fẹ́ kú, mo máa ń bi olùkópa bóyá yóò gba ọgbẹ́ dípò ikú, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì sọ irú ọgbẹ́ tí yóò jẹ́. Fate, eré mìíràn tí ó jọ D&D, ti ní ọgbọ́n tí ó sún mọ́ èyí: ẹni tí wọ́n lù ni ó máa ń yàn bóyá òun yóò gba àbájáde (ìpalára tí yóò bá a gbé fún ìgbà díẹ̀) tí ó mú 2, 4 tàbí 6 kúrò nínú ọṣẹ́ náà.

Àṣìṣe mìíràn ni kí a gé òfin sí méjì, kí a sì mú apá tí ó le nìkan. Ní Savage Worlds, eré mìíràn tí ó jáde ní 2003, ọgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń yọ 1 kúrò nínú ohun tí dáìsì bá sọ, títí yóò fi dé 3. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ṣe eré náà fún olùkópa ní benny, àmì kékeré tí ó lè ná láti gbìyànjú kí ọgbẹ́ má baà wọlé. Adarí tí ó gbé ìyọkúrò náà wá sínú D&D, tí ó sì fi benny sílẹ̀, ti sọ ìjà di ti ẹni tí ó bá kọ́kọ́ lu ẹnì kejì: ẹni tí ó gba ọgbẹ́ kò ní lè ta ọfà dáadáa mọ́, nítorí pé kò lè ta á dáadáa, yóò tún gba ọgbẹ́ mìíràn. Ní Call of Cthulhu, tí í ṣe eré ìtàn ẹlẹ́rù, ẹ̀rù ni a wá jẹ, ó sì tọ́ níbẹ̀ pé ìkọlù tí ó mú ìdajì òǹkà ẹ̀mí lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo jẹ́ ọgbẹ́ ńlá. Akọni tí a ní kí ó lọ bá òmìrán jà kò lè fi irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́.

Ní ti ẹ̀wù ogun tí a ní kí ó máa dín ọṣẹ́ kù, ẹ wo ohun ìjà tí ó kéré jù kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹ̀wù tí ó bá ń yọ 4 kúrò ti sọ ọ̀bẹ tí ó ń lo dáìsì olójú mẹ́rin di ohun ìṣeré, nígbà tí ẹni tí ó gbé idà ńlá, tí ó ń ju dáìsì olójú mẹ́fà méjì, ṣì ń ṣọṣẹ́ lọ ní tirẹ̀.

Ìsinmi, tí akọni fi ń gba òǹkà ẹ̀mí rẹ̀ padà, ni ó kù. Ìwé 2014 kan náà fàyè gba kí ìsinmi kékeré jẹ́ wákàtí mẹ́jọ, kí ìsinmi ńlá sì jẹ́ ọjọ́ méje. Òfin náà dára bí ìtàn bá ní àyè fún ọjọ́ méje. Bí ẹ bá lò ó nínú ìtàn tí ọba yóò ti kú lọ́túńla, ẹ ti dá àwọn akọni lẹ́jọ́ ikú. Èyí tí ó burú jù ni kí akọni ẹnì kan dùbúlẹ̀ fún oṣù kan nínú ìtàn, kí ẹni tí ó ni ín sì máa wòran. Ẹni tí ó ti wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Ìkòròdú, tí ó sì tún mọ̀ pé òun ṣì máa padà sínú rẹ̀ lálẹ́, kò wá sí Sùúrùlérè láti wo bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń ṣeré. Ẹ fún un ní ọmọ ẹ̀yìn akọni rẹ̀ tàbí ìbátan rẹ̀ kan kí ó máa fi ṣeré títí ara akọni yóò fi yá.

Ẹ má sì pààrọ̀ òfin láàárín ìtàn láì sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé ẹni tí ó yan akọni aláìlẹ́wù nígbà tí òfin ṣì rọ̀ kì bá tí yàn án bí ó bá mọ̀ pé yóò le. Lọ́dọ̀ wa, ìjókòó kan gbáko ni a fi ń dán òfin tuntun wò pẹ̀lú àwọn akọni tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, lẹ́yìn náà ni àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ó wá dìbò.