Bí Ilẹ̀kùn Ọkọ̀ Bá Dì Pa Nígbà Òtútù

Ẹni tó bá ń gbé ní Chicago, Minneapolis, Calgary tàbí Winnipeg kò ní pẹ́ rí i pé ọkọ̀ tí òun gbé sílẹ̀ lálẹ́ láìsí wàhálà kankan lè kọ̀ láti ṣílẹ̀kùn fún òun láàárọ̀. Wọn kò kọ́ wa ní èyí nígbà tí à ń kọ́ mọ́tò wíwà nílé, nítorí pé ọyẹ́ tiwa, bó ti wù kó mú tó, ètè àti ẹsẹ̀ ló ń là, kì í sọ omi di yìnyín. Ohun tó sì máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni kí a fi agbára fa ọwọ́ ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ike ni ọ̀pọ̀ nínú ọwọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ òde òní, ike tí òtútù líle bá sì ti mú kì í ṣòro láti kán.

Omi ló ń di ilẹ̀kùn mú. Bí ara ọkọ̀ bá gbẹ, òtútù nìkan kò tó láti sé e, àyàfi bí gíríìsì inú rẹ̀ bá ti gbó tó sì ti ki. Omi máa ń dì ní ìwọ̀n 0 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èyí tí í ṣe 32 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò, bó bá sì ti ń dì ni yóò máa wú, títí yóò fi fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100. Ẹ̀kán omi kan péré nínú ihò kọ́kọ́rọ́ ti tó láti há àwọn irin kéékèèké inú rẹ̀ mọ́ra. Ibi tí omi náà sì ti ń wá kò jìnnà: snóò orí ọkọ̀ máa ń yọ́ nítorí ooru inú ọkọ̀, yóò ṣàn sórí rọ́bà etí ilẹ̀kùn lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa ẹ́ńjìnnì, yóò sì dì síbẹ̀ mọ́jú. Ọkọ̀ tí wọ́n fọ̀ nírọ̀lẹ́ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ tẹ rìmóòtù kí ẹ sì tẹ́tí sílẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ tí ilẹ̀kùn dún “kọ́” tó sì kọ̀ tí kò ṣí, a jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ ti ṣí, rọ́bà ló lẹ̀ mọ́ férémù. Ẹ má fà á. Ẹ fi èjìká tàbí ìbàdí ti ilẹ̀kùn náà sínú dáadáa, láti òkè dé ìsàlẹ̀ etí rẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ bí yìnyín ṣe ń fọ́ wẹ́wẹ́ lábẹ́ rọ́bà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá rọra fà á. Bí ó bá ṣì ń ṣagídí, ẹ dán àwọn ilẹ̀kùn yòókù wò, pàápàá èyí tí oòrùn kọjú sí, nítorí pé gbogbo wọn kì í sábà dì bákan náà. Ẹnì kan lè gba ẹ̀gbẹ́ èrò wọlé, tàbí kó gba búùtù bí ọkọ̀ bá jẹ́ irú èyí tí búùtù rẹ̀ já sínú, kó wá tan ẹ́ńjìnnì àti hítà kí ooru lè yọ́ ìyókù láti inú wá. Ẹni tó ti wọ agbádá láti lọ sóde ìyàwó kò ní fẹ́ràn ìmọ̀ràn yìí, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí a fa rọ́bà ya.

Bí títì kò bá ràn án, ẹ wá ohun tó ń yọ́ yìnyín. Wọ́n ń tà á nínú àgolo tí a fi ń fín nǹkan, ẹ sì lè ṣe é fúnra yín: ẹ po ife méjì ọtí isopropyl tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 70 nínú 100, irú èyí tí wọ́n ń tà nílé ìtajà oògùn, mọ́ ife omi kan, kí ẹ sì rọ ọ́ sínú ìgò tó ṣeé fín. Ojúlówó ọtí yìí kì í dì àfi bí òtútù bá tó nǹkan bí 89 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìdí nìyẹn tó fi lè yọ́ yìnyín. Iná máa ń ràn mọ́ ọn kíákíá, nítorí náà ẹ má fín in nítòsí sìgá tàbí ìṣáná. Àwọn kan nínú èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà ní methanol nínú, májèlé sì ni methanol, kí ọwọ́ ọmọdé má ṣe tó o. Inú ilé tàbí inú àpò ẹ̀wù òtútù ni kí ẹ máa tọ́jú rẹ̀ sí. Ẹni tó bá tọ́jú rẹ̀ sínú ọkọ̀ ti tì í mọ́nú ohun tó fẹ́ fi ṣí.

Ní ti omi gbígbóná, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò. Gíláàsì tó tutù lè là lójijì, omi náà yóò sì tún dì láìpẹ́, á wá pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Bí ẹ bá tẹ rìmóòtù tí ẹ kò gbọ́ nǹkan kan, ó lè jẹ́ bátìrì rìmóòtù ni òtútù ti mú agbára rẹ̀ lọ sílẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ rìmóòtù ni wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ irin kan pamọ́ sí, ihò rẹ̀ sì lè wà lábẹ́ ike kékeré kan lára ọwọ́ ilẹ̀kùn awakọ̀. Bí kọ́kọ́rọ́ bá wọlé tí kò yí, ẹ má fi tipátipá yí i, kó má baà kán sínú. Ẹ fín ohun tó ń yọ́ yìnyín sínú ihò náà, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tún gbìyànjú. Kọ́kọ́rọ́ tó jẹ́ irin lásán ṣeé yá níná, ṣùgbọ́n èyí tí orí rẹ̀ jẹ́ ike kò gbọdọ̀ rí iná rárá, torí ohun èlò tí ọkọ̀ fi ń dá a mọ̀ lè wà nínú rẹ̀. Mímí èémí gbígbóná sínú ihò kò dára bí àwọn èèyàn ṣe rò, nítorí pé omi wà nínú èémí.

Èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù ni ilẹ̀kùn tó ṣí ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ pa dé mọ́. Ẹ pa á, ó dún gbà, ó tún padà wá. Kí ẹ má gbá a títí tí nǹkan yóò fi bàjẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo etí ilẹ̀kùn náà. Ẹ ó rí ìkọ́ irin kan tó la ẹnu, òun ló ń gbá irin tó wà lára férémù mú. Bí ilẹ̀kùn bá wà ní ṣíṣí, ẹnu ìkọ́ náà gbọ́dọ̀ là. Bí ẹ bá bá a ní pípadé, ẹ fa ọwọ́ ilẹ̀kùn ìta, ẹ dì í mú bẹ́ẹ̀, kí ẹ fi súkúrúdíráfà yọ ẹnu ìkọ́ náà padà. Bí ó bá là ṣùgbọ́n tí kì í di nǹkan mú, yìnyín tàbí gíríìsì tó ti ki ni kò jẹ́ kí sípíríìn inú rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ẹ fín ohun tó ń yọ́ yìnyín sí i, tàbí kí ẹ fi ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ irun fẹ́ ooru sí i, kí ẹ wá máa fi súkúrúdíráfà tì í pa, kí ẹ sì máa fi ọwọ́ ilẹ̀kùn tú u sílẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, títí yóò fi máa dún lẹ́ẹ̀mejì bí ẹ bá ti tì í: dídún àkọ́kọ́ túmọ̀ sí pé ó dì mú díẹ̀, ìkejì ni pé ó ti dì mú pátápátá. Ẹ rántí tú u sílẹ̀ kí ẹ tó pa ilẹ̀kùn gan-an. Ẹ má sì fi okùn so ilẹ̀kùn wa ọkọ̀ jáde, àní bí ibi tí ẹ ń lọ kò tilẹ̀ ju ìdíkọ̀ kejì lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi Sienna kó ọmọ lọ sílé ìwé, ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tó ń fi iná ṣí ara rẹ̀ nílò sùúrù. Ẹ̀rọ kékeré kan ló ń fi wáyà fà á, bí ẹ bá sì ń tẹ bọ́tìnì léraléra nígbà tó ti dì, wáyà náà lè já. Ẹ pa iná ilẹ̀kùn náà níbi bọ́tìnì rẹ̀ nínú ọkọ̀, kí ẹ ti ilẹ̀kùn sínú kí yìnyín fọ́, kí ẹ sì fi ọwọ́ ṣí i. Bákan náà ni fèrèsé oníná: ẹ má tẹ̀ ẹ́ títí gíláàsì yóò fi yá. Wáípà tó ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ kí ẹ tó tú u.

Iṣẹ́ tó ń gba èèyàn lọ́wọ́ gbogbo èyí kò le, bí ẹ bá ti lè ṣe é nínú oṣù October. Ẹ nu rọ́bà gbogbo ilẹ̀kùn mọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ fi aṣọ tí ẹ fín silicone sí pa á yíká. Ẹ má fi òrí tàbí Vaseline pa á: nínú òtútù, òrí yóò le gbagidi, epo tí wọ́n fi ṣe Vaseline kì í sì í bá rọ́bà rẹ́. Fún ìkọ́ àti híńjì, ẹ nu gíríìsì àtijọ́ kúrò kí ẹ fi gíríìsì funfun tí wọ́n kọ lithium sí lára rọ́pò rẹ̀. Ìyẹ̀fun graphite ló dára fún ihò kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n ẹ má pò ó mọ́ òróró, torí yóò di ẹrẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé WD-40, òróró inú àgolo tí a máa ń fín, ni oògùn gbogbo rẹ̀. Láti lé omi kúrò lára irin ni wọ́n ṣe ṣe é ní 1953, iṣẹ́ yẹn ló sì mọ̀ jù. Kì í pẹ́ lára irin tó bí gíríìsì. Ẹ wo abẹ́ ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú, níbi tí àwọn ihò kéékèèké wà tí omi tó gba etí gíláàsì wọlé fi ń jáde. Bí ìdọ̀tí bá dí wọn, ẹ fi igi tín-ínrín yọ ọ́.

Bí ẹ bá fọ ọkọ̀ nígbà òtútù, kí iyọ̀ ojú títì má baà jẹ irin rẹ̀, ẹ nu etí ilẹ̀kùn gbẹ, kí ẹ sì ṣí gbogbo wọn kí ẹ pa wọ́n dé lẹ́ẹ̀melòó kan. Lálẹ́ tí òjò bá rọ̀ tí òtútù sì ń bọ̀, ẹ gbé apá wáípà sókè. Ẹ má fa àndíbíréèkì níbi ilẹ̀ títẹ́jú, nítorí pé wáyà tó tutù fún omi lè dì mọ́ra. Jíà P ti tó fún ọkọ̀ tí kì í lo kilọ́ọ̀ṣì, kí ẹni tí ọkọ̀ tirẹ̀ ní kilọ́ọ̀ṣì sì fi í sí jíà àkọ́kọ́, kó fi nǹkan dínà táyà. Láàárọ̀, kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì láti yọ́ yìnyín, ẹ kó snóò kúrò lẹ́nu ṣálánsà, ẹ má sì tan án nínú gáréèjì tí a ti pa dé, nítorí èéfín rẹ̀ lè pa èèyàn láìjẹ́ pé ó gbóòórùn rẹ̀.

Bí ilẹ̀kùn bá ṣì ń kọ̀ lọ́jọ́ tí gbogbo yìnyín ti yọ́ tí ara ọkọ̀ sì ti gbẹ, ìkọ́ náà ló ti jẹ tàbí sípíríìn rẹ̀ ló ti rẹ̀, ẹ gbé e lọ bá mẹkáníìkì.