Smoothie ẹlẹ́fọ̀ọ́ tí kò ṣeé mu: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀

Èso àti ewé ẹ̀fọ́ tútù tí a jọ lọ̀ mọ́ omi tàbí mílíìkì nínú bílẹ́ńdà ni à ń pè ní smoothie ẹlẹ́fọ̀ọ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é ni kì í mu ún tán, wọn a sì gbà pé ẹnu àwọn ni kò fẹ́ ẹ̀fọ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ife tí kò bá ṣeé mu ní ibi tí àléébù ti wọ inú rẹ̀, àléébù kọ̀ọ̀kan sì ní ohun tí a fi ń tún un ṣe; ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni pé oyin tàbí ṣúgà ni a máa ń sáré dà sí gbogbo rẹ̀, yálà ó korò ni, ó ń rùn bí koríko ni, tàbí ó ń há sí eyín. Díẹ̀ nínú ohun tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń bi mí nìyí.

Ìbéèrè: Ewé kale, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ 1 àti omi ni mo lọ̀ pọ̀. Ó korò débi pé n kò lè gbé e mì. Mo bu oyin ṣíbí 3 sí i. Ó dùn, àmọ́ ìkorò náà kò kúrò. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: Ewé tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ló le jù. Ìbátan kábéèjì ni kale, àwọn ewé ìdílé yìí sì ní èròjà kan tó ní imí ọjọ́ nínú, èyí tó máa ń dúró jẹ́ẹ́ nínú ewé títí a ó fi gé e tàbí tí a ó fi lọ̀ ọ́. Bí bílẹ́ńdà bá ti fọ́ ewé náà, èròjà yìí á pàdé ẹ́ńsáìmù, ìyẹn ohun tó ń yí èròjà kan padà sí òmíràn, tí ewé fúnra rẹ̀ ti fi pamọ́ sí ibòmíràn lára, ìpàdé wọn ló sì ń bí ohun tó ń ta lẹ́nu tó tún ń korò. Àwọn kan wà tí a bí pẹ̀lú ahọ́n tó tètè ń gbọ́ ìkorò àwọn ewé wọ̀nyí ju ti ẹlòmíràn lọ. Bí ẹ bá wà lára wọn, kì í ṣe pé ẹ ń ṣe àkẹ́jù.

Ewé spinach tí kò tíì gbó ni mo máa ń gba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níyànjú láti lò, nítorí pé kò fi bẹ́ẹ̀ ní adùn tó le. Ẹ wọn ife èso 2 fún ife ewé 1, kí ẹ má ki ewé náà mọ́ ife. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, tí ẹnu bá ti mọ́ ọn, ẹ lè máa fi ewé kún un díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé kale náà ni ọkàn yín fẹ́, ẹ kọ́kọ́ yọ igi àárín rẹ̀: ẹ fi ọwọ́ kan di ìdí igi náà mú, kí ẹ fi ìka méjì ọwọ́ kejì há a níbi tí ewé ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fà á lọ dé orí. Ewé á bọ́ sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, igi lásán á ṣẹ́kù sí yín lọ́wọ́. Igi yẹn ló ní okùn jù, òun náà kì í sì í jẹ́ kí smoothie kúnná. Ẹ tún lè ri ewé náà bọ inú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú 1, kí ẹ gbé e sínú omi tútù, kí ẹ fún un, kí ẹ sì dì í nínú fírísà. Omi gbígbóná á pa ẹ́ńsáìmù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ewé náà á sì rọ̀ lẹ́nu.

Ní ti ife tó ti wà nílẹ̀, ẹ má tíì dà á nù. Ẹ fi orí ìka méjì mú iyọ̀ bíńtín, ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ tọ́ ọ wò. Iyọ̀ máa ń dín agbára ìkorò kù lórí ahọ́n, adùn èso tí ìkorò ti bò mọ́lẹ̀ á sì yọjú. Bí ẹnu bá ti mọ̀ pé iyọ̀ wà níbẹ̀, ó ti pọ̀ jù nìyẹn. Bí ó bá kù síbẹ̀, ẹ fi píà díẹ̀ kún un kí ẹ tún un lọ̀, nítorí ọ̀rá inú rẹ̀ máa ń bo ahọ́n, kì í sì í jẹ́ kí ìkorò gún un ní tààrà. Oyin ló yẹ kó kẹ́yìn. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tí ó gbé jáde lọ́dún 2015, ka ṣúgà inú oyin àti ti omi èso mọ́ irú ṣúgà tí kò yẹ kó tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí à ń rí nínú oúnjẹ lójúmọ́, nítorí náà ṣíbí 3 nínú ife kan kì í ṣe nǹkan kékeré. Ẹ má sì fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 ní èyí tí oyin bá wà nínú rẹ̀ rárá.

Ìbéèrè: Tèmi kò korò, àmọ́ ńṣe ló ń rùn bí koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé.

Ìdáhùn: Ohun tó kan ló ń ṣẹ́gun òórùn koríko. Ẹ fún omi ìdajì ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, tàbí kí ẹ lo ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Atalẹ̀ tútù tí kò ju orí ìka kékeré lọ náà dára, nítorí òórùn tirẹ̀ á gba iwájú. Ohun kan ni mo bẹ̀ yín: ẹ má da gbogbo rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi ọ̀kan sí i, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ fi ṣíbí bù ú tọ́ wò, kí ẹ tó fi òmíràn sí i. Bẹ́ẹ̀ nìkan ni ẹ ó fi mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Ẹ tún wo bí ó ṣe tutù sí. Smoothie tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ máa ń tú òórùn ewé jáde, bẹ́ẹ̀ sì ni bílẹ́ńdà tó bá ṣiṣẹ́ pẹ́ máa ń mú ohun inú rẹ̀ gbóná díẹ̀. Ṣùgbọ́n òtútù tó ń bo òórùn yìí náà ló ń pa adùn lẹ́nu, ìdí sì nìyí tí èso fi gbọ́dọ̀ pọ́n dáadáa kí a tó dì í. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí èèpo rẹ̀ ti ní àmì dúdú ni kí ẹ mú, nítorí pé sítáàṣì inú rẹ̀ ti di ṣúgà. Èyí tí èèpo rẹ̀ ṣì ní àwọ̀ ewé kò ní ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ìbéèrè: Mo fi mílíìkì lọ kiwi, ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti spinach láàárọ̀. Ó dùn gan-an. Mo gbé ìyókù sí fíríìjì, nígbà tó di ọ̀sán ó ti korò bí oògùn. Ṣé mílíìkì náà ló bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó ní ẹ́ńsáìmù tí wọ́n ń pè ní bromelain, kiwi sì ní actinidin. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì ni láti máa gé purotéènì sí wẹ́wẹ́. Purotéènì inú mílíìkì ni wọ́n ń gé látàárọ̀, àwọn ègé kéékèèké náà ló sì ń korò. Ìbépẹ tútù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Dídì nínú fírísà kì í pa àwọn ẹ́ńsáìmù yìí, iná ló ń pa wọ́n, èyí ló fà á tí ọ̀pẹ̀ òyìnbó inú agolo kì í fi í dá irú wàhálà yìí sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lo èso tútù, ẹ fi omi rọ́pò mílíìkì, tàbí kí ẹ mu ún tán lójú ẹsẹ̀.

Ìbéèrè: Ègé ewé ń há sí mi léyín, orí rẹ̀ sì hó bí omi ọṣẹ.

Ìdáhùn: Ẹ má kó gbogbo nǹkan sínú bílẹ́ńdà papọ̀. Omi àti ewé nìkan ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ̀ fún ìṣẹ́jú 1 gbáko, títí tí ẹ kò fi ní rí ègé kankan lára ògiri ìkòkò rẹ̀ mọ́, kí ẹ tó kó èso tó dì sí i. Bí èso dídì bá ṣáájú, ewé á kàn máa yí lórí rẹ̀ ni, abẹ kò sì ní kàn án. Ìhó orí rẹ̀ jẹ́ atẹ́gùn tí eré sísá abẹ gbé wọlé. Ẹ fi ìṣẹ́jú 5 sílẹ̀ kó rọlẹ̀, kí ẹ sì rò ó pọ̀.

Ìbéèrè: Èyí tí mo ṣe dùn, àmọ́ ó dà bí ẹrẹ̀ lójú, àwọn ọmọ kò fẹ́ẹ́ sún mọ́ ọn.

Ìdáhùn: Èso pupa tàbí aláwọ̀ àlùkò tó bá pàdé ewé, àwọ̀ ilẹ̀ ló ń dà. Ẹ lo máńgòrò tàbí ọ̀pẹ̀ òyìnbó dípò rẹ̀.

Ìbéèrè: Bí mo bá ti mu ti spinach, eyín mi máa ń dà bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun pa á.

Ìdáhùn: Èròjà oxalic acid inú spinach ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Yógọ́ọ̀tì ṣíbí 2 tàbí mílíìkì díẹ̀ máa ń dín in kù, nítorí kálísíọ́ọ̀mù inú wọn á so mọ́ ọn. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ adùn nìkan: ẹni tí òkúta inú kíndìnrín ti ṣe rí gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó máa mu spinach lójoojúmọ́. Bákan náà ni ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, nítorí fítámì K pọ̀ nínú àwọn ewé wọ̀nyí, kò sì yẹ kó ṣàdédé pọ̀ sí i tàbí kó dín kù nínú oúnjẹ rẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìwọ̀n kan tí mo lè fi bẹ̀rẹ̀ lọ́la.

Ìdáhùn: Spinach tí kò tíì gbó, ife 1, omi tútù, ife 1, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n tí ẹ ti bó, tí ẹ sì ti dì, 1, máńgòrò dídì tí a gé, ife 1, omi ìdajì ọsàn wẹ́wẹ́, iyọ̀ bíńtín. Ẹ má fi yìnyín sí i, nítorí pé bí ó bá ti yọ́ tán, omi lásán ni ẹ ó máa mu. Èso dídì tó láti mú un tutù.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè ṣe é lálẹ́ de àárọ̀?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni, bí kò bá sí kale nínú rẹ̀, tí ẹ kò sì po mílíìkì mọ́ ọ̀pẹ̀ òyìnbó, kiwi tàbí ìbépẹ tútù. Ẹ rọ ọ́ kún ìgò dé ẹnu kí àyè má sí fún atẹ́gùn, ẹ dé e pa, ẹ gbé e sí fíríìjì, kí ẹ sì mu ún kí wákàtí 24 tó pé. Yóò ti pín sí méjì nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, omi nísàlẹ̀, ewé àti èso lókè. Ẹ mì ín dáadáa, kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i kí ẹ tó mu ún.